Ewé Tó Ká Kò: Láti Oko Agége Dé Fáràǹdà Maryland

Kí Ìkẹjà tó di ìlú ilé iṣẹ́, kí afárá àti òpó iná tó gba Maryland, oko ló wà níbẹ̀. Láti Onígbọ̀ngbò dé Agége àti Ìfàkò, ẹ̀gẹ́, kókó àti obì gbàǹja ni wọ́n ń gbìn. Lónìí, ohun ọ̀gbìn tó kù fún ọ̀pọ̀ ará àdúgbò náà kò ju èyí tó wà nínú ìkòkò lọ: money plant tó ń fà wálẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, tàbí èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí fáràǹdà ilé alájà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí kò yí padà láti ìgbà oko wá di ìgbà fáràǹdà. Ewé ká kò, olóhun ń wò ó, kò sì mọ ohun tó ṣe é.

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ilẹ̀ Yorùbá ti ń bá ẹjọ́ yìí fà á. Ohun tí wọ́n rí kọ́ lóko wúlò fún ẹni tí kò ní ju ìkòkò òdòdó kan lọ, torí pé ọ̀nà kan náà ni wàhálà sábà máa ń gbà wọlé: igi tí wọ́n gé lára òmíràn, tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn pé kó lọ gbìn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ewéko àjèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Agége yóò dé ọ̀dọ̀ James Pinson Labulo Davies. Ọmọ Sàró ni, kápútẹ́nì ọkọ̀ ojú omi ni, oníṣòwò ńlá sì ni. Òun ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Gbèsè wó òwò Davies ní ọdún 1876. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ó kó irúgbìn kókó wá láti Fernando Po, ó sì dá oko sí Ijon, nítòsí Agége. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n tẹ̀lé e. Nígbà tó fi di ọdún 1907, àwọn olóko Agége ti pọ̀ tó ẹni tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Agege Planters' Union, Jacob Kehinde Coker sì ni òpómúléró rẹ̀. Coker yìí kan náà wà lára àwọn tó dá Ìjọ African Church sílẹ̀ ní ọdún 1901. Àwọn alágbàṣe tó wá láti òkè wá ṣiṣẹ́ lóko Agége kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ń gbé irúgbìn kókó lọ. Báyìí ni kókó ṣe rìn wọ inú ilẹ̀ Yorùbá.

Ìjọba náà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ewéko kan sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ irúgbìn kókó, kọfí àti àwọn igi mìíràn, tí wọ́n sì ń pín in fún àgbẹ̀. Ọgbà bẹ́ẹ̀ ń gba ewéko láti ọgbà ewéko Kew ní London àti láti àwọn erékùṣù Caribbean. Inú àpótí onígíláàsì ni irú ewéko bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà la òkun kọjá. Nathaniel Ward, dókítà ará London, ló ṣàkíyèsí ní ọdún 1829 pé ewéko tí wọ́n bá dé mọ́ inú gíláàsì lè pẹ́ láìsí ẹni tó ń bomi rin ín. Àpótí yìí ló sọ ewéko orílẹ̀-èdè kan di ti gbogbo ayé. Àmọ́ àpótí tó ń dáàbò bo ewéko lórí omi ń dáàbò bo kòkòrò tó sá pamọ́ sí abẹ́ ewé náà pẹ̀lú.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbìn láyìíká Agége, ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ewé tó ká. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. A kì í gbin hóró ẹ̀gẹ́; igi rẹ̀ ni à ń gé, à ń kì í bọlẹ̀. Ará ilé ń tọrọ igi lọ́wọ́ ará ilé, àna ń di ìdì kan ránṣẹ́ sí àna. Bí àìsàn bá ti wà nínú igi tí wọ́n gé, ó ti dé oko tuntun nìyẹn kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Ní ọdún 1894, Otto Warburg, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó di ọdún 1929, ìròyìn rẹ̀ ti dé Nàìjíríà. Ewé á ní àbàwọ́n yẹ́lò, á lọ́, á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, igi ò sì ní ta isu bó ṣe yẹ. Ìrònú àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ilẹ̀ ti ṣá. F.D. Golding, onímọ̀ kòkòrò ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, ni kò wo ilẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1936, ó gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé eṣinṣin funfun bíńtín kan ló ń gbé àìsàn náà láti ara igi kan sí òmíràn ní gúúsù Nàìjíríà. Abẹ́ ewé ni eṣinṣin yìí ń gbé. Ẹni tó bá dúró gangan nínú oko kò lè rí i. Àfi kó bẹ̀rẹ̀, kó yí ewé padà. Fáírọ́ọ̀sì ló ń gbé kiri, kò sì sí oògùn tó ń wo fáírọ́ọ̀sì inú igi sàn.

Ojútùú náà gba ìran kan gbáko. Ní Amani, ní Tanganyika, H.H. Storey àti R.F.W. Nichols ti bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún 1930 sí í fi ẹ̀gẹ́ bá igi rọ́bà Ceará, tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, lò kí wọ́n lè bí irú tí àìsàn náà kò ní tètè mú. Díẹ̀ lára àwọn àtọmọdọ́mọ ẹ̀gẹ́ náà dé Ìbàdàn. Nígbà tí Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, orí wọn ló kọ́lé sí. TMS 30572, ọ̀kan lára irú ẹ̀gẹ́ tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀, tàn ká oko Nàìjíríà. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ilẹ̀ oko ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ ní Ìkẹjà. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tó ni Ìkẹjà nígbà náà, ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967, Ìkẹjà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó sì di olú ìlú rẹ̀ ní ọdún 1976. Ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ilé ńlá pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ di òṣìṣẹ́ fáktírì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì hù níbi tí obì wà, Maryland sì di oríta tí ọkọ̀ Ìkẹjà àti ti Ìkòròdú Road ti ń pàdé.

Ọwọ́ tó mọ ilẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀. Ìkòkò òdòdó rọ́pò ebè, àwọn olódòdó sì tẹ́ ọjà wọn sí etí títì: croton, ìxora, àgbọn kékeré, àti àwọn tó ń fà bí ìtàkùn, tí money plant ṣe aṣáájú wọn.

Ìtàn money plant fúnra rẹ̀ dùn ún gbọ́. Erékùṣù Moorea, nínú òkun Pacific, ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀. Ọdún 1880 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ilẹ̀ Yúróòpù. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ òdòdó rárá; ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ara rẹ̀ kò lè pèsè èròjà tó ń ti ewéko láti tanná. Bí kò bá tanná, kò lè so hóró. Nítorí náà, gbogbo money plant tó wà láti Agége dé Accra, gígé ni wọ́n gé e lára òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́. Ará ọ́fíìsì kan á já oríkèé mẹ́ta, á kì í sínú ìgò omi, á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kan. Ohun tó bá wà ní ìdí ewé á bá a lọ.

Ohun tó sì máa ń wà níbẹ̀ jù ni kòkòrò funfun tó máa ń ṣù bí òwú sí ìdí ewé. Irú rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì ní ìtàn pẹ̀lú ọ̀kan tó burú jù nínú wọn.

Ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀gẹ́ ní Congo àti Zaire. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti bá igi ẹ̀gẹ́ wá. Nílé rẹ̀, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ. Ní Áfíríkà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wọ Nàìjíríà ní ọdún 1979. Bó bá ti ń fa oje orí ẹ̀gẹ́, itọ́ rẹ̀ máa ń ba ọ̀mùnú jẹ́: ewé tuntun á ṣù jọ, á ká kò, igi á rán, oríkèé á sún mọ́ ara wọn. Níbi tó ti le gan-an, ohun tó ń pa run nínú isu ẹ̀gẹ́ máa ń kọjá 80%. Gàrí wọ́n, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú han àwọn tí kò ní oúnjẹ mìíràn.

Àwọn kan dábàá oògùn apakòkòrò. Àmọ́ owó oògùn ju owó ẹ̀gẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, kòkòrò náà sì fi ẹfun bo ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn kì í wọ̀ ọ́ dáadáa. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó wà ní IITA Ìbàdàn, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí wọ́n lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà níbi tí wọ́n ti bí i. Wọ́n wá a láti California lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, kí Anthony Bellotti, onímọ̀ kòkòrò, tó rí kòkòrò náà ní Paraguay ní ọdún 1981. Agbọ́n kékeré kan, tí kò ju mìlímítà méjì lọ, ń lé e kiri níbẹ̀. Anagyrus lopezi ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kì í ta èèyàn. Ó ń yé ẹyin sínú kòkòrò funfun náà ni. Ọmọ tó bá pa á jẹ inú rẹ̀ tán, á wá fi èèpo rẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ lórí ewé, á fò jáde.

Wọ́n kọ́kọ́ kó agbọ́n náà gba London, kí wọ́n lè rí i dájú pé kò ní ṣe ohun mìíràn ní jàm̀bá, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún 1981, wọ́n tú u sílẹ̀. Ó tàn láti oko dé oko. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún ní Áfíríkà, ẹ̀gẹ́ sì padà sí bó ṣe wà. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní ọdún 1995. Nígbà tí kòkòrò kan náà yọ ní Thailand ní ọdún 2008, orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí IITA ní ibùdó sí ní Abomey-Calavi, ni wọ́n ti lọ kó agbọ́n náà.

Ẹ̀gẹ́ nìkan kọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, irú kòkòrò funfun mìíràn yọ lára máńgòrò ní Togo, Ghana àti Benin, ó sì wọ Nàìjíríà. Àárín ìlú gan-an ló ti ń ṣọṣẹ́, nítorí máńgòrò ni igi ibòji ọ̀pọ̀ àgbàlá. Ewé á dúdú fún èérí tó hù lórí oje dídùn tí kòkòrò náà ń tọ̀ sílẹ̀. Agbọ́n láti Íńdíà, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Togo ní ọdún 1987, ló dá a lẹ́kun. Ní nǹkan bí ọdún 1992, eṣinṣin funfun mìíràn dé, tó ń yé ẹyin rẹ̀ ní yípoyípo sí abẹ́ ewé ẹ̀gẹ́, gúáfà àti òdòdó lóríṣiríṣi. Lẹ́yìn ọdún 2009, tí wọ́n rí i ní Ghana, kòkòrò funfun mìíràn tó ń ba ìbẹ́pẹ jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ sọ ewéko di iṣẹ́ ìjọba lásìkò yìí. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń gbin igi lọ́dọọdún ní ọjọ́ 14, oṣù keje. Òfin ọdún 2011 dá àjọ LASPARK sílẹ̀ láti bójú tó ọgbà àti àyíká ojú títì. Ọgbà Ndubuisi Kanu ní Alausa wà lára àwọn ibi tí ará Ìkẹjà ti ń rí àbájáde rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ń fẹ́ òdòdó lẹ́nu ọ̀nà. Ọjà olódòdó gbòòrò, ẹjọ́ ewé tó ká náà sì pọ̀ sí i.

Bí oníbàárà bá gbé money plant rẹ̀ tó ká kò wá, olódòdó tó gbọ́ṣẹ́ kì í yára mú oògùn. Yóò kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò náà dé oríkèé kejì. Yóò gbé ìkòkò sókè wò ó bóyá ó wúwo tàbí ó fúyẹ́. Yóò yí ìdí ìkòkò padà, kó wò ó bóyá ihò wà níbẹ̀ tí omi lè gbà jò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mú ewé, tí yóò yí i padà síta, tí yóò sì fi èékánná ya ibi tí igi ewé ti so mọ́ ìtàkùn. Kí ó tó ṣe èyí tán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ìkòkò fúyẹ́, tí etí ewé méjèèjì ń wọ inú síra wọn, òùngbẹ ni. Kí wọ́n ki ìkòkò bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kó jò. Kó tó di ọjọ́ kejì, ewé á ti tú. Bí ilẹ̀ bá tutù rinrin, tí ewé ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n, tí wọ́n fà á yọ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, tó sì ń rùn, omi ti pọ̀ jù fún un. Èyí ni ó ń pa òdòdó ọ́fíìsì jù, torí pé gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń da omi tó kù nínú ife rẹ̀ sí i. Gé gbòǹgbò tó rà kúrò, fi ilẹ̀ dúdú tó ní yanrìn àti èèpo àgbọn gbìn ín sínú ìkòkò tó ní ihò, má sì bomi rin ín mọ́ àfi tí ìka bá rí i pé ilẹ̀ òkè ti gbẹ.

Bí ewé tó dojú kọ ẹ̀rọ amúlétutù nìkan bá ń ká, tí etí rẹ̀ ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ni. Ọyẹ́ ń ṣe irú rẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Gbígbé ìkòkò kúrò lójú ibẹ̀ ni ìwòsàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni ó wà, tí ewé ti ní àmì jíjó, oòrùn ọ̀sán ló ba a.

Ewé tuntun tó yọ ní kékeré, tó lọ́, tí kò jọ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ti omi. Kòkòrò ni. Bí ìdí ewé bá ní ohun funfun tó ń rọ̀ mọ́ ọwọ́, tí èèrà ń tò lọ síbẹ̀, kòkòrò funfun ni. Èèrà ń lọ lá oje dídùn rẹ̀ ni. Fi òwú tó rẹ sínú spirit nu ìdí ewé kọ̀ọ̀kan. Fi omi tí o fi ọṣẹ díẹ̀ sí fọ gbogbo rẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ẹyin rẹ̀ kì í pa ní ọjọ́ kan. Kí àwọn ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀. Oje money plant máa ń yún ẹnu àti ọ̀fun.

Oògùn tí kò yẹ kí ó wọ ilé ni dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀ sí Sniper. Ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ láàárín ọjà, nítorí ẹ̀mí tó ń gbà. Àwọn agbọ́n kékeré tí ń ṣọ́ kòkòrò fún wa náà, ó ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra òdòdó ní Maryland, àti fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà á. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ yí ewé padà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí òdòdó tuntun dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bá ti ilé pàdé. Ẹ̀yin olódòdó, ẹ má ṣe gé ọmọ lára ìyá tí ewé rẹ̀ ti lọ́. Àgbẹ̀ Agége ìgbà kan kò ní ohun tó lè fi yẹ igi ẹ̀gẹ́ tó ń tọrọ wò. Ẹ̀yin mọ ibi tí ẹ lè wò.